Nọ́ọ̀sì Ní Kó Máa Rìn

Mo jí, mo na ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ mi, ẹní ṣófo. Mo yọjú wo abẹ́ ilé, ọkọ̀ wa kò sí níbi tí a so ó mọ́. Inú bí mi débi pé mi ò rántí mú ìborùn.

Ìsìmáílà ọkọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Igbókòdá dé ni, níbi tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ ìpá fún un. Ó pẹ́ tó ti ń fi àtàǹpàkò ti kókó ìpá náà wọlé, tó ń fi aṣọ dì í mọ́ra lábẹ́ ṣòkòtò, tó sì ń lọ fa àwọ̀n lórí rẹ̀. Ìpá yìí náà ló pa bàbá rẹ̀, síbẹ̀ bí mo bá ti dárúkọ ọsibítù, á ní kí n fi òun lọ́rùn sílẹ̀. Àfìgbà tó di ọjọ́ kan tí kókó náà le gbagidi, tí kò wọlé mọ́, tí ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Dókítà ní ká ní a tún fi falẹ̀ díẹ̀ sí i ni, ìfun tó há síbẹ̀ ì bá ti jẹrà.

Ó ti ìfun padà sáyè rẹ̀, ó wá fi àwọ̀n pẹlẹbẹ kan dí ihò tí ìfun ti ń yọ jáde nínú. Nígbà tí à ń bọ̀ wálé, Nọ́ọ̀sì Happiness kìlọ̀ fún wa: kó má gbé ohun tó wúwo títí wọn á fi tún yẹ̀ ẹ́ wò. Kó máa jẹ ẹ̀fọ́ àti èso, kó máa mu omi dáadáa, torí kò gbọdọ̀ fipá yàgbẹ́. Bí ikọ́ bá ń bọ̀, kó fi ìrọ̀rí tẹ ojú ọgbẹ́ mọ́ra. Kó má sì dùbúlẹ̀ ṣáá, kó máa rìn díẹ̀díẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì sí i lẹ́sẹ̀.

Ìrìn yẹn ló dá wàhálà sílẹ̀. Orí òpó ni ilé wa wà, nínú omi, nítòsí Ayétòrò, òkun sì ti gbé ọ̀pọ̀ afárá pákó wa lọ. Ọkọ mi kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó. Ó tú àwọ̀n tí kò ya, ó tún un rán. Ó dìde, ó jókòó, ó tún dìde. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, kì í fẹ́ fẹ̀yìn lélẹ̀.

Mo ké sí Kọ́lájọ, àbúrò rẹ̀, ó fi ọkọ̀ tirẹ̀ gbé mi. Ìdí ààrò ẹja Sàláúdéènì, ọ̀rẹ́ ọkọ mi, la ti bá a, ó ń rẹ́rìn-ín, òógùn bò ó, ó fi ọwọ́ kan di itan mú.

"Bàbá Fàthíà, kí lẹ wá ṣe níbí?" mo bi í.

"Mo rìn wá ni."

"Ẹ rìn? Lórí omi?"

"Mé è gbé ẹrù kankan. Nọ́ọ̀sì ní kí n máa rìn. Ọ̀nà mìíràn wà láti ulé wa ni?"

Mo fẹ́ pariwo, àmọ́ mo rí i pé omi pupa ti rin ṣòkòtò rẹ̀. Kọ́lájọ tukọ̀, a gbé e padà lọ sí Igbókòdá.

"Ṣé ẹ gbé nǹkan ni, bàbá?" Nọ́ọ̀sì Happiness bi í.

"Rárá o. Mo rìn ni."

"Àjẹ̀ ìtukọ̀ ló fi rìn!" mo pariwo. Nọ́ọ̀sì fọwọ́ bo ẹnu.

Dókítà tẹ̀ ẹ́ wò, tẹ̀ ẹ́ wò. Mo ń ṣe àdúà lábẹ́ ètè. Ó ní omi ló gbára jọ síbẹ̀, pé àwọ̀n náà kò yẹ̀. "Ṣùgbọ́n ẹran ara yín kò tíì dì í mú. Ikùn lẹ fi ń tukọ̀, kì í ṣe apá nìkan. Bó bá já, ó di kí a tún là yín."

A délé, mo gbé àjẹ̀ sábẹ́ ẹní mi, mo sùn lé e. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo ní kó dìde. Afárá tó lọ sí mọ́ṣáláṣí nìkan ló kù tó ṣeé rìn, mo bá di ọwọ́ rẹ̀ mú níṣojú gbogbo ayé.

"Ìyàwó ọ̀ṣìngín!" Moríkẹ́ aládùúgbò wa kígbe láti ojú fèrèsé rẹ̀.

"Bí ó bá ń dùn ọ́, lọ fa tìrẹ jáde!" mo dá a lóhùn.

Láti ìgbà tó ti fẹ́ mi, inú ọkọ̀ la ti ń jọ lọ síbi gbogbo, èmi níwájú, òun lẹ́yìn níbi tó ti ń tukọ̀, ẹ̀yìn mi ni mo ń kọ sí i. A kò rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wa rí báyìí. Wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Mo wo ojú rẹ̀, ẹ̀rù ló kún ibẹ̀.

Ó dúró níbi tí pákó ti tán.

"Rekiyat, ṣe ni bàbá mi dùbúlẹ̀ sínú ulé, kò sì dìde mọ́. Bí mo bá ti fẹ̀yìn lélẹ̀, òun ni mò ń rí."

Mo gbé gbogbo èébú tí mo ti kó sẹ́nu mì. Àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an.

"Ẹ̀yin ti dìde," mo ní. "Ẹ wo ẹsẹ̀ yín."

Ó wolẹ̀, ó wò wọ́n pẹ́. A yí padà. Nígbà tí a dé ẹnu ilẹ̀kùn wa, mo rò pé yóò wọlé, àmọ́ ó fún ọwọ́ mi mọ́ra, ó ní ká tún lọ.