Sányán Tíṣà Abọ́dúndé

Ìwé ìpè dé fún Ayọ̀miídé láti ìlú Vienna, ayọ̀ kò jẹ́ kó lè jẹun. Iṣẹ́ orí kọ̀ǹpútà tí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Yábàá ló gba ẹ̀bùn. Ìwé náà ní kí àlejò kọ̀ọ̀kan wọ kóòtù dúdú tàbí aṣọ ìbílẹ̀ ilẹ̀ rẹ̀. Kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó fa àpótí jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó sì mú agbádá sányán bàbá rẹ̀.

Inú ilẹ̀ ló yẹ kí agbádá yìí wà. Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, nígbà tí àìsàn dá Tíṣà Abọ́dúndé gúnlẹ̀, ó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú, ó ní, "Sányán mi ni kí ẹ fi sin mí o." Ayọ̀miídé ní òun gbọ́. Àmọ́ nígbà tó ń kó aṣọ òkú jọ, ojú rẹ̀ wọ sányán náà. Kóòtù ló gbé fún àwọn tó ń tọ́jú òkú. Ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun wá sányán tì.

Lọ́jọ́ Ajé, ó gbé e lọ sọ́dọ̀ Bàbá Habeeb, télọ̀ tó rán an fún bàbá rẹ̀ ní Sùúrùlérè. Tíṣà ga, ó sì síngbọnlẹ̀. Ọmọ rẹ̀ kúrú, ó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́. Aṣọ náà ń wọ́ nílẹ̀ tuurutu. Bàbá Habeeb fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbi tí yóò gé, ó ní kó padà wá ní Ọjọ́bọ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀, àmì ṣọ́ọ̀kì ṣì wà lára aṣọ.

"Má bínú, ọmọ mi, iṣẹ́ ló pọ̀. Mi ò tíì fi sísọ́ọ̀sì kàn án. Wọ̀ ọ́ kí n tún un wò."

Ayọ̀miídé ki orí bọ̀ ọ́. Aṣọ kò wọ́lẹ̀ mọ́. Ó bá a mu régé, bí ẹni pé òun ni wọ́n wọ̀n ọ́n fún. Ó wo dígí, ó rí ọwọ́ ara rẹ̀ tó ń ká etí agbádá sórí èjìká, ọ̀tún ṣáájú, òsì tẹ̀lé e, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí Tíṣà ṣe máa ń ṣe lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Òun kọ́ ló rán ọwọ́ náà níṣẹ́.

Bàbá Habeeb fà sẹ́yìn. "Bọ́ ọ! Ayọ̀miídé, bọ́ ọ kíá!"

Ilé ìyá rẹ̀ ló gbà lọ tààrà. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Màmá, mo purọ́ fún yín. Èmi ni mo fi sányán Dádì pamọ́."

"Mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀?"

"Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tí a sin ín ni mo ti rí i nínú àpótí rẹ. Gbogbo ìgbà tí mo bá sùn ni bàbá rẹ ń bi mí pé, 'Ìyá Ayọ̀, aṣọ mi dà?' Mo ní kó lọ bi ọmọ rẹ̀."

Láàárọ̀ Sátidé, wọ́n lọ sí itẹ́ òkú. Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè, Ayọ̀miídé tẹ́ sányán síbẹ̀, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ bò ó. Ìyá rẹ̀ gbàdúrà, ṣùgbọ́n kò wo ojú ọmọ rẹ̀.

Ní Vienna, aṣọ ilẹ̀ oríṣiríṣi kún inú gbọ̀ngàn: kẹ́ńtè, kìmónò, àwọn ọkùnrin tó wọ síkáàtì ilẹ̀ Scotland. Kóòtù dúdú ni Ayọ̀miídé wọ̀. Nígbà tó gba ẹ̀bùn tán, ó bọ́ síta, ó pe ìyá rẹ̀.

"Màmá, ṣé Dádì tún wá?"

 "Kò wá mọ́. Láti Sátidé." Ó mí kanlẹ̀. "Ẹ̀gbẹ́ kan bẹ́ẹ̀dì ni mo ṣì ń sùn sí, bóyá ó lè yà."