Ìlẹ̀kẹ̀ Inú Tiwańtiwa

Ẹni tó bá rò pé Ẹlẹ́dàá kì í rẹ́rìn-ín, kó jókòó wo ajá tó ń lé ìrù ara rẹ̀. Lọ́dún kejì tí ọkọ̀ ojú irin ti wọ Ìlọrin, láàárọ̀ ọjọ́ Àlàrùba kan, Tiwańtiwa lé ìrù tirẹ̀ títí òòyì fi kọ́ ọ. Ó ṣubú sí ìdí ògiri, ó dìde, ó gbọnra nù, inú rẹ̀ sì dùn bí ẹni pé lánàá ni Ọlọ́run dá ayé, tó sì fi í ṣe olùṣọ́ rẹ̀.

Ajá pupa ni, etí rẹ̀ kan nà, èkejì wọ́. Mọ̀múdù tó ni ín ń ṣe lántànà, ìlẹ̀kẹ̀ pupa tí àwọn ìyàwó fi ń ṣọ̀ṣọ́ sí ọrùn. Nígbà tí àwọn aládùúgbò ń kùn pé kí ni ajá ń wá nílé Mùsùlùmí, Mọ̀múdù kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó kàn sọ ajá náà ní Tiwańtiwa: tiwa ni tiwa, tàkísà ni ti ààtàn. Ẹni tí kò bá gbọ́ ti ẹnu rẹ̀, yóò gbọ́ ti orúkọ ajá rẹ̀.

Ràúdátù ìyàwó rẹ̀ nìkan ni kì í pe orúkọ yẹn. "Nǹkan yìí" ló ń pè é. Kì í ṣe pé obìnrin náà burú, ìmọ́tótó ló fẹ́ràn bí ológbò ṣe fẹ́ràn ẹja. Inú àgbàlá ni wọ́n ti ń kírun, nítorí náà, láti kékeré Tiwańtiwa, bó bá ti ń lóṣòó báyìí, ìgbálẹ̀ ti dé. "Nǹkan yìí! Jáde! Ààtàn ni tìẹ!" Ẹ̀kọ́ náà wọ ajá lára ju bó ṣe yẹ lọ. Kò jẹ́ gbọnsẹ̀ nínú àgbàlá láéláé, kò sì jẹ́ gbọnsẹ̀ níbikíbi tí ojú ènìyàn bá ti tó o. Nínú gbogbo ajá Ìlọrin, kò sí èyí tó nítìjú tó o.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Mọ̀múdù lọ kí ìrun Àìlà. Ó fi ogójì ọmọ ìlẹ̀kẹ̀ sílẹ̀ lórí àtẹ, tí kò tíì sín wọn. Danjuma oníṣòwò obì, ará Gàm̀bàrí, ló ni wọ́n. Jímọ́ọ̀ ni wọn yóò so yìgì Ládi ọmọ rẹ̀, ọkọ ìyàwó sì ń bọ̀ láti Jẹ́bà. Igbá wàrà Ràúdátù, wàrà dídì tó gé wẹ́wẹ́ sínú omi rẹ̀, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ náà. Adìẹ kan fò lé àtẹ, Tiwańtiwa sì gbọ́ "pọ̀!" nínú igbá. Kò wo ohun tó já bọ́. Ìró yẹn kàn rán an létí pé wàrà wà nílé ni.

Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó jẹ ègé kan, ó jẹ èkejì. Ègé kẹta le bí egungun.

"Wàrà tòní mà légungun," ó wí nínú ara rẹ̀. Ó sì gbé e mì, nítorí olè kì í dúró yọ egungun.

Nígbà tí Mọ̀múdù dé, ìlẹ̀kẹ̀ tó tóbi jù, èyí tí yóò wà láàárín ọrùn ìyàwó, kò sí lórí àtẹ. Omi wàrà ń kán tó, tó, tó ní àgbọ̀n ajá.

"Ràúdátù! Ó ti gbé e mì!"

"Wàrà mi?"

"Ìlẹ̀kẹ̀ Ládi!"

Ràúdátù kọjú sí ọkọ rẹ̀, ó ká ọwọ́ lérí. "Mo sọ fún yín tàbí n ò sọ fún yín, Bàbá Safiyat? Mo ní nǹkan yìí á jẹ wá tán, ẹ ní tiwa ni tiwa."

Danjuma gbọ́, ó dé kíákíá, ó ń gbá agbádá rẹ̀ mọ́ra. Ó tẹ ikùn Tiwańtiwa wò bí ènìyàn ṣe ń tẹ ikùn àgbò Iléyá wò.

"Wòláì, èyí ò ṣòro. Ọ̀bẹ dà?"

Irun ẹ̀yìn Tiwańtiwa dìde. Ajá ń gbọ́ èdè ènìyàn, kò kàn ní ẹnu tí yóò fi dáhùn ni. Ó rá sẹ́yìn Mọ̀múdù, ó ki orí sáàárín ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Bàbá Ládi, ẹ jọ̀ọ́," ni Mọ̀múdù wí. "Ohun tó wọlé lọ́nà kan, yóò jáde lọ́nà kejì. Ẹ fún mi di àárọ̀ Jímọ́ọ̀."

"Bí kò bá jáde ńkọ́?"

Mọ̀múdù gbé ọwọ́ lé orí ajá. "Kí ẹ mú ọ̀bẹ yín wá."

Ọjọ́ yẹn ni Tiwańtiwa mọ bí oyè jíjẹ ṣe ń rí. Wọ́n gbé ilá kalẹ̀ fún un, ilá yíyọ̀ tó ń fà bí okùn. Wọ́n da epo lé e, wọ́n gbé ẹ̀wà tẹ̀ lé e. Ràúdátù fúnra rẹ̀ ló gbé e! Ó ń wí lóhùn jẹ́jẹ́ pé, "Jẹun, nǹkan yìí. Jẹun, jọ̀ọ́." Tiwańtiwa jẹ títí ikùn rẹ̀ fi le bí ìkòkò. Ó gbàgbé ọ̀bẹ pátápátá. Ó ní bóyá àwọn ènìyàn wọ̀nyí ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i ni, pé ajá rere lòun.

Nígbà tí oòrùn rọ̀, ó jáde lọ rìn, ni wọ́n bá tẹ̀ lé e. Ràúdátù ń bọ̀ pẹ̀lú asẹ́, Mọ̀múdù ń bọ̀ pẹ̀lú igbá omi, Danjuma ń ka tẹ̀sùbáà bọ̀ lẹ́yìn wọn. Bó bá sáré, wọn a sáré. Bó bá dúró gbóòórùn òkúta, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta a dúró wo òkúta náà. Ayọ̀ gùn ún! Ó gba ìsàlẹ̀ àtẹ àwọn oníṣu ọjà Ìpatà kọjá, ó yípo igi lẹ́ẹ̀mẹta kó lè rí wọn bí wọ́n ṣe ń yípo igi lẹ́ẹ̀mẹta.

"Ràúdátù!" ni oníṣu kan, Asabe, pariwo. "Ṣé Mẹ́kà ni ajá yẹn ń lọ, tí ẹ fi ń sìn ín tó báyìí?"

"Ìwọ ta iṣu rẹ, jàre!"

"Asẹ́ ńkọ́? Ṣé ẹ fẹ́ jọ̀ ọ́ ni?"

Àwọn oníṣu rẹ́rìn-ín títí iṣu fi ń yí lọ lórí àtẹ wọn.

Lẹ́yìn èyí ni ilá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Tiwańtiwa wá kọ̀rọ̀ ògiri kan, ó lóṣòó. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lójijì, ojú mẹ́fà, asẹ́ kan. Ìtìjú mú un, ó dìde. Ó wá kọ̀rọ̀ mìíràn, wọ́n tún dé. Ta ló lè ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ níwájú àgbà?

Lọ́jọ́ Àlàmísì, wọ́n so ó mọ́lẹ̀ nínú àgbàlá kó má baà lọ sọ ìlẹ̀kẹ̀ nù sígbó. Nínú àgbàlá! Níbi tí ìgbálẹ̀ wà! Ó pa itan pọ̀. Ilá ń tì í, ẹ̀wà ń tì í, ó ń gbọ̀n bí ewé, ṣùgbọ́n kò tú u sílẹ̀. Wọ́n ní kó jẹun, ó gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ Jímọ́ọ̀ mọ́, kò lè lé ìrù mọ́.

Danjuma wọlé pẹ̀lú ọ̀bẹ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pọ́n. Inú òun náà kò dùn. "Mọ̀múdù, mo ti dúró. Ọkọ ìyàwó ti sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin."

Mọ̀múdù kúnlẹ̀, ó gbá ọrùn ajá mọ́ra. Tiwańtiwa lá omi iyọ̀ kúrò lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó wo Ràúdátù, ó wo ìgbálẹ̀ tó fara ti ògiri, ó tún wo Ràúdátù, ó sì sunkún kékeré.

Obìnrin náà dúró gbọnin. Òun náà wo ìgbálẹ̀.

"Yéè! Bàbá Safiyat, èmi ni mo dì í!"

"Kí lo wí?"

"Ìlẹ̀kẹ̀ ò há. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ọ ló há!" Ó ti ń tú okùn. "Bàbá Ládi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹ̀ lé mi. Ẹ fi ọ̀bẹ yẹn sílẹ̀, ẹ̀rù ẹ̀ ń bà á."

Ó fà á dé ààtàn ẹ̀yìn ilé. Ó ní, "Ó yá, ẹ kọ ẹ̀yìn sí i. Gbogbo yín."

"Èmi, Danjuma, kí n kọ ẹ̀yìn sí ajá?"

"Bí wọ́n bá ń wo ẹ̀yin náà, ṣé ẹ lè ṣe é?"

Danjuma ronú sí i. Ó kọ ẹ̀yìn. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta to sídìí ògiri, wọ́n ń wo amọ̀ bí ẹni ń ka ìwé. Ràúdátù tilẹ̀ di ojú. Tiwańtiwa wò wọ́n, ẹ̀yìn mẹ́ta, kò sí ojú kan, kò sí ìgbálẹ̀. Ó yípo lẹ́ẹ̀kan.

Ha, ẹ̀yin ènìyàn mi! Ìdáǹdè wà láyé!

Ìró kan dún lára àpáàdì: "Tín!"

"Ṣé a lè yíjú?" ni Danjuma sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Ẹ̀ẹ̀méje ni Mọ̀múdù fọ ìlẹ̀kẹ̀ náà, bí Mùsùlùmí ṣe ń fọ ohun tí ajá bá fẹnu kàn, ó fi iyẹ̀pẹ̀ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan nínú rẹ̀, Danjuma ń kà á sókè. Nígbà tó gbé e sínú oòrùn, ó pupa, ó ń dán ju àwọn mọ́kàndínlógójì yòókù lọ.

"Mọ̀múdù," ni Danjuma wí, ó wo ìlẹ̀kẹ̀, ó wo ajá. "Àwọn tó kù yìí ńkọ́... ṣé kò lè..."

"Bàbá Ládi, ẹ máa lọ so yìgì!"

Tiwańtiwa kò sí níbẹ̀ láti gbọ́ ìyẹn. Ara rẹ̀ ti fúyẹ́ bí òwú, ó ti ń sáré yí ààtàn po, ìrù ní iwájú, òun lẹ́yìn. Ìgbà yẹn ni ohùn kan jáde láti inú àgbàlá, ohùn Ràúdátù, ó lọ sókè débi pé Asabe gbọ́ ọ ní Ìpatà:

"Tiwańtiwa! Tiwańtiwa o! Wá gba wàrà!"

Ó dúró, etí rẹ̀ méjèèjì nà. Ó sáré wọlé tagbára-tagbára, ayọ̀ kò jẹ́ kó mọ ibi ìdúró, ó sì kọlu igbá, gbogbo wàrà sì dà sórí ẹsẹ̀ obìnrin náà.

Ràúdátù na ọwọ́ sí ìgbálẹ̀. Ó rántí, ó sì fa ọwọ́ sẹ́yìn.