Bẹ́ẹ̀dì Tí Mo Rà fún Àǹtí Bàdírá

Nígbà tí mo wá kí ẹ̀gbọ́n mi, Bàdírátù, ní Agbowó lọ́dún 2017, ó ti tó ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n tí mo ti ń gbé ìlú òyìnbó. Èmi fúnra mi ti lé lọ́gọ́ta, àwọn sì ti lé ní àádọ́rin. Àwọn ló mú mi kúrò ní Ṣakí wá sí Ìbàdàn nígbà tí mi ò ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ. Itan wọn ni mo fi ṣe ìrọ̀rí nínú lọ́rì tó gbé wa wá.

Ọ̀sán ni mo dé. Mutmainah, ọmọ wọn kan ṣoṣo, tó máa ń pè mí ní Dádì, tó ń ránṣọ ní Apete lọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀, ti wá bá wọn fọ ilé mọ́. Yàrá méjì ni ilé náà ní. Páálí ìwé àti bírò tí Àǹtí ń tà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì ló kún ọ̀kan. Inú èkejì ni Mutmainah gbé àpò mi sí.

"Yàrá tiyín kọ́ nìyí, Àǹtí?" mo bi wọ́n.

"Yàrá ẹ ni báyìí. Àbí o fẹ́ kí n gbé ọ sí kíṣìnì?"

"Ẹ̀yin wá ńkọ́?"

"Pálọ̀ tó mi í sùn. Àga yẹn ti mọ ìdí mi. Lọ wẹ̀ jàre, òórùn ọkọ̀ òfuurufú ń bọ̀ lára ẹ."

Mo rí i pé ọrùn ẹsẹ̀ wọn wú. Mo ní kí ló ṣe é. Wọ́n ní ìsanra ni, ṣé kì í ṣe gbogbo ìgbà ni mo ń sọ lórí fóònù pé kí wọ́n máa jẹun dáadáa ni?

Nígbà tí mo jí kírun àsùbá lọ́jọ́ kejì, mo bá wọn lórí àga ní pálọ̀. Wọ́n fi ìrọ̀rí mẹ́ta ti ẹ̀yìn, wọ́n gbé ẹsẹ̀ lé àpótí, wọ́n fa aṣọ bo àyà. Orí wọn fara ti ògiri, ẹnu wọn sì là díẹ̀. Àánú wọn ṣe mí, ojú sì tì mí. Mo ní, wo àgbàlagbà tó kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ torí èmi.

Ó yẹ kí n sọ irú iṣẹ́ tí mo ń ṣe nílùú òyìnbó. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ṣiṣẹ́ fún ọdún méjìlélógún. Oorun wọn gan-an ni iṣẹ́ wa. Mo mọ ẹni tó yẹ ká yí padà ní wákàtí méjì-méjì kí ara rẹ̀ má baà dégbò. Mo mọ ẹni tí à ń fi ìrọ̀rí há láàárín orúnkún kí ìbàdí má baà dùn ún, àti ẹni tí kò gbọ́dọ̀ dùbúlẹ̀ kété tó bá jẹun tán, kí oúnjẹ má baà máa ta á láyà. Mo sì mọ̀ pé arúgbó tó bá sá fún bẹ́ẹ̀dì, tó ń wá àga, dókítà ló yẹ ká pè. Gbogbo rẹ̀ ni mo mọ̀. Ṣùgbọ́n àlejò ni mí nílé Àǹtí. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ gbogbo wa: onílé ló ń fi ibùsùn sílẹ̀ fún àlejò. Ohun tí mo rí lórí àga yẹn kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ kẹrin mo ní kí n kúkú lọ gba yàrá sí hòtẹ́ẹ̀lì ní Bódìjà.

"Hòtẹ́ẹ̀lì?" Àǹtí fẹ́rẹ̀ẹ́ dìde. "Kí àwọn ará àdúgbò lè ní Bàdírátù ò rí ibi tó máa fi àbúrò ẹ̀ sí? Tó o bá dán an wò, má padà wá jẹun níbí."

Mo bá lọ sí Dùgbẹ̀, sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Gbádérọ̀, tó ń ta bẹ́ẹ̀dì àti fóòmù.

"Ta ló fẹ́ sùn lórí ẹ̀, bàbá?"

"Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni. Àgbàlagbà ni wọ́n."

"Ẹ jẹ́ kí n fún yín ní èyí tó le. Tí wọ́n bá fẹ̀yìn lélẹ̀ báyìí, gbogbo eegun wọn á nà tán. Wọ́n á padà di ọmọge."

"Ìgbà wo lo di dókítà eegun?"

"Bàbá, ogún ọdún ni mo ti ń ta fóòmù, orí ẹní nìyàwó mi sì ń sùn! Tí n kò bá mọ̀ ọ́n, ta ló máa mọ̀ ọ́n?"

Mo rẹ́rìn-ín, mo rà á. Wọ́n wá tò ó sí ẹ̀gbẹ́ kan ní pálọ̀. Àǹtí jókòó sí etí rẹ̀, wọ́n ń fọwọ́ ra fóòmù náà, wọ́n ṣàdúà fún mi títí tí omi fi lé sí mi lójú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, orí àga ni mo tún bá wọn.

"Àǹtí, kí ló ṣe bẹ́ẹ̀dì?"

"Kò ṣe nǹkan kan. Ó dára ju bẹ́ẹ̀dì ìyàwó lọ."

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ ò sùn lórí ẹ̀?"

"Tẹlifíṣọ̀n ni mò ń wò tí oorun fi gbé mi lọ."

"Láti àná niná ò ti sí."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ikọ́. "Ọlọ́pàá! Ṣé torí kó o lè wá máa ṣọ́ mi lo ṣe wọkọ̀ òfuurufú?"

Èmi ò rẹ́rìn-ín. Inú ń bí mi, torí mo rò pé àṣejù ni wọ́n ń fi ọ̀wọ̀ tí wọ́n ní fún mi ṣe. Mo ní, "Bẹ́ ẹ bá tún sùn lórí àga, màá mọ̀ pé ẹ ò ka ohun tí mo ṣe sí. Màá padà síbi tí mo ti wá, ẹ ò sì ní tètè rí mi mọ́."

"Ó dáa, Mánsúrù," ni wọ́n wí. "Màá sùn níbẹ̀."

Wọ́n sì sùn níbẹ̀. Ní àsùbá ọjọ́ kejì mo yọjú, mo rí wọn tí wọ́n nà gbalaja, ìrọ̀rí kan ṣoṣo ló wà lábẹ́ orí wọn. Mo yọ fóònù, mo ya fọ́tò wọn, mo fi ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ mi: ẹ wo Àǹtí yín lórí bẹ́ẹ̀dì tuntun. Nígbà tí mo bi Àǹtí bí oorun ti rí, wọ́n ní ó dùn. Ojú wọn pọ́n, ohùn wọn sì ti lọ sílẹ̀. Mo ní kí wọ́n má ṣíwọ́, ara á mọ̀ ọ́n lára.

Ní ọjọ́ kẹta, ikọ́ ló jí mi. Mo bá wọn ní ojú fèrèsé, wọ́n di irin rẹ̀ mú, wọ́n ń mí gúlegúle bí ẹni tó sáré wá láti Ṣakí. Ètè wọn ti dúdú. Wọn ò lè pe orúkọ mi tán.

Ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Jericho ni mo gbé wọn lọ. Mutmainah bá wa níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n ti fi afẹ́fẹ́ sí wọn nímú, dókítà jáde sí wa, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ẹnìtàn.

"Bàbá, ìrọ̀rí mélòó ni màmá fi ń sùn?"

Ìbéèrè tí èmi náà ti bi àìmọye òyìnbó nìyẹn. Ó wà nínú fọ́ọ̀mù wa. Èmi ni mo máa ń kọ ìdáhùn síbẹ̀.

Mutmainah ló dá a lóhùn. "Wọn kì í dùbúlẹ̀, dókítà. Ó ti tó ọdún méjì. Orí àga ni wọ́n ń sùn. Ẹ má bínú, Dádì, wọ́n ní n ò gbọ́dọ̀ sọ fún yín."

"Ọkàn wọn ló ti rẹ̀, kò lè ti ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara dáadáa mọ́," ni dókítà wí. "Bí wọ́n bá dùbúlẹ̀, omi ara á ṣàn wá sínú ẹ̀dọ̀fóró. Bí wọ́n bá jókòó, á sọ̀ kalẹ̀ sí ẹsẹ̀, ìdí nìyẹn tí ẹsẹ̀ fi wú. Àga yẹn ló ń bá wọn ṣe é. Ta ló wá ní kí wọ́n dùbúlẹ̀?"

"Èmi ni," mo dá a lóhùn.

Kò bú mi. Ó kàn sọ pé ká ní wọ́n ti gbé wọn wá láti ọdún méjì yẹn ni, oògùn ì bá ṣe púpọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, tí oògùn ti ń mú kí wọ́n máa tọ omi náà dànù, tí àwọn nọ́ọ̀sì sì ti gbé òkè bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn sókè fún wọn, Àǹtí sùn títí di ìyálẹ̀ta. Nígbà tí wọ́n jí, mo ní, "Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún mi?"

"Kí n sọ kí ni? O rò pé mò ń ṣe ẹ́ lálejò, inú ẹ sì ń dùn. Kí n wá ní rárá o, àìsàn ni?"

"Mo bi yín léèrè, Àǹtí."

"O ò bi mí. O bú mi ni." Wọ́n gbá mi lọ́wọ́ fẹ́ẹ́rẹ́. "Má sunkún. Láti kékeré ni ẹkún ò ti yẹ ojú ẹ."

Káfíńtà kan láti ọjà pákó Bódìjà bá wa fi igi gbé òkè bẹ́ẹ̀dì tuntun náà sókè, Àǹtí sì ń sùn lórí rẹ̀ ní ìrọ̀gbọ̀kú. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan mo padà sẹ́nu iṣẹ́. Mo ní màá wá lọ́dún tó ń bọ̀, màá sì pẹ́.

Oṣù mẹ́sàn-án péré ni wọ́n tún lò. Mutmainah pè mí ní ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ kan, wọ́n ti sin wọ́n nígbà náà. Kò sí bí mo ṣe lè bá ìsìnkú náà. Ó ń sọ fún mi díẹ̀díẹ̀ bí wọ́n ṣe ṣe é: ẹni tó wẹ̀ wọ́n, ẹni tó kírun sí wọn lára, bí wọ́n ṣe fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún wọn lélẹ̀, tí wọ́n kọjú wọn sí gábàsì.

Mo bi í bóyá wọ́n gbé orí wọn sókè díẹ̀.

"Dádì," ó ní, "sàréè ni."