Ohun Tí Ẹ̀rọ Pè Ní Òjìji

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún dá a padà sẹ́yìn," ni ọmọbìnrin kan wí.

Ẹnjiníà dá fídíò ìjàǹbá náà padà. Òun ló kọ́ kọ̀ǹpútà tó ń darí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tí kò ní awakọ̀ nílé ìkẹ́rùsí iléeṣẹ́ wọn, ó sì mọ ohun tí wọn yóò rí. Àpótí, àkàbà, garawa omi: kọ̀ǹpútà ti fi ìlà pupa yí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ká láti fi hàn pé ó rí wọn. Kò sí ìlà kankan lára ohun dúdú tó wà nídìí pẹpẹ.

Ibẹ̀ ni màmá ọmọ náà ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tó ń gbálẹ̀ nínú aṣọ dúdú tí iléeṣẹ́ fún un, tí ọkọ̀ fi gorí ẹsẹ̀ rẹ̀. Opó ni. Láti orúnkún ni wọ́n ti gé ẹsẹ̀ náà.

Nígbà tí àwọn ọkọ̀ náà kọ́kọ́ dé, bí wọ́n bá ti rí òjìji lásán, wọ́n á dúró gbagidi. Ọ̀gá fárígá. "Ṣé òjìji ni yóò máa dá iṣẹ́ mi dúró ni?" Ẹnjiníà bá kọ́ kọ̀ǹpútà pé kó má ka ohunkóhun tó bá dúdú tó sì sún mọ́lẹ̀ sí. Ó bẹ ọ̀gá títí pé kí wọ́n ra aṣọ tó ń tàn fún àwọn agbálẹ̀. Ọ̀gá, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra mọ́tò tuntun, ní ó ti wọ́n jù.

Aṣojú ìjọba tó wá wádìí ọ̀rọ̀ náà ti kọ́kọ́ bá ọ̀gá wọ yàrá. Nígbà tó jáde, àpò ẹ̀wù rẹ̀ ti wú.

"Kò sí èèyàn níbẹ̀," ni ó wí. "Iléeṣẹ́ ò sì lè san owó ìtọ́jú ẹni tí kò sí níbẹ̀."

Ọmọ náà fi ìka kan ojú kọ̀ǹpútà. "Màmá mi rèé! Ẹ wo ẹ̀yìn wọn, ẹ wo ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ wọn."

"Òjìji nìyẹn. Àbí, Ẹnjiníà?"

"Òjìji ni ẹ̀rọ pè é, sà, àmọ́..."

"Ó ti tó," ni ọ̀gá wí. Aṣojú ìjọba ti ń fọwọ́ sí ìwé.

Ọmọ náà yíjú sí Ẹnjiníà. "Ẹ̀gbọ́n, ṣebí ẹ máa ń kí màmá mi láràárọ̀?"

Ọ̀gá ní kí Ẹnjiníà pa kọ̀ǹpútà náà, ó sì pa á.