Ìpara Inú Ọkọ̀ Ojú Irin Bàbá Wa

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ni wọ́n ti ń pè mí ní Bà-á-jẹ́. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tí wọ́n ti bímọ tiwọn, Bọ̀dá Bà-á-jẹ́ ni wọ́n ń pè mí. Bí mo bá lọ kí Màmá, á rọra gbé ife onígíláàsì kúrò níwájú mi, á fún mi ní ti rọ́bà. Bẹ́ẹ̀, ọdún márùndínlógójì ni mo fi tún ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ya àwòrán egungun ṣe ní ọsibítù. Wọ́n fi egungun odidi ìlú sí ìkáwọ́ mi, ṣùgbọ́n ife omi kan ṣoṣo, ó tì.

Ọkọ̀ ojú irin ló fà á. Télọ̀ ni bàbá wa. Oníbàárà rẹ̀ kan tó ń kó lọ sí ìlú míì ló fún un ní ọkọ̀ ojú irin kékeré, irin pọ́ńbélé, aláwọ̀ pupa, tó ń fi iná mànàmáná sáré yí tábìlì ìgéṣọ po. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, Bàbá máa ń jẹ́ kí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi gbà á wà. Òfin kan ló fún wa: epo máṣìnnì ìránṣọ nìkan ni ẹ́ńjìnnì yẹn ń mu, ẹ̀kán kan péré, láti orí abẹ́rẹ́.

Lọ́jọ́ kan, a dé bá a, ẹ́ńjìnnì ti gan pa. Bàbá bi wá pé ta ni. Ẹ̀gbọ́n mi na ìka sí mi. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí. Mo sunkún, mo búra, kò sẹ́ni tó gbà mí gbọ́. Bàbá kó gbogbo rẹ̀ sínú àpótí, ó tì í pa, kò sì jẹ́ kí n fọwọ́ kan nǹkan rẹ̀ mọ́ títí tó fi kú. Nínú ìwé ìpíngún rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ló ni ilé. Èmi ni kí wọ́n gbé àpótí ọkọ̀ fún, “kí ó tún ohun tí ó bà jẹ́ ṣe.” Wọ́n kà á sókè, gbogbo ẹbí sì rẹ́rìn-ín.

Mi ò ṣí àpótí náà títí mo fi fẹ̀yìntì. Nígbà tí ìyàwó mi sọ pé bí mo bá tún tú fíríìjì òun wò, òun á tú èmi náà palẹ̀, mo gbé e sórí tábìlì. Mo to ojú irin, mo ha ìpẹtà kúrò, mo so wáyà. Ọwọ́ mi rántí gbogbo rẹ̀, inú mi ń dùn bíi ti ọmọdé. Ni mo bá tú nóòtì abẹ́ ẹ́ńjìnnì.

Ìpara irun ni mo bá níbẹ̀, aláwọ̀ ewé, ó ti gan bí àbẹ́là sáàárín àwọn kẹ̀kẹ́ eléyín. Mo gbé iná sún mọ́ ọn, òórùn rẹ̀ jáde: ìpara tí ẹ̀gbọ́n mi fi ń dán irun rẹ̀ kó tó máa lé ọmọbìnrin kiri. Èmi? Kodoro ni wọ́n ń fá orí mi nígbà yẹn! Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Mi ò pè é lórí fóònù kí n bú u. Ìbínú mi ti dàgbà ju ti fóònù lọ. Mo nu àwọn kẹ̀kẹ́ náà kí ọkọ̀ lè rìn, ṣùgbọ́n mo fi ìpara díẹ̀ sílẹ̀ lára ẹ́ńjìnnì. Ẹ́ńjìnnì àtijọ́ máa ń gbóná bí áyọ́ọ̀nù. Tó bá sáré fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ìpara á yọ́, òórùn á gba ilé. Màmá ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, ojú rẹ̀ ti di bàìbàì, ṣùgbọ́n imú rẹ̀ ṣì mú ṣáṣá. Ohun kan ṣoṣo ni mo ń wá: kó mọ̀, kó tó kú, pé kì í ṣe ọwọ́ mi.

Mo ránṣẹ́ sí wọn pé kí wọ́n wá wo ọkọ̀ Bàbá. Ẹ̀gbọ́n mi gbé Màmá wá ní ọ̀sán Sátidé, pẹ̀lú méjì nínú àwọn ọmọ-ọmọ tirẹ̀. Mo fi ẹ̀jẹ̀ sínú, mo tutọ́ funfun jáde.

“Ẹ káàbọ̀, Ẹ̀gbọ́n. Iwájú ni kí ẹ jókòó sí o.”

“Bà-á-jẹ́, ṣé lóòótọ́ lo tún un ṣe?”

“Ẹ ṣáà máa wò ó.”

Mo tan án. Ọkọ̀ gbéra, ó yí po, ó tún yí po, àwọn ọmọ ń pàtẹ́wọ́. Nígbà tó yá, imú Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í mì.

“Ta ló ń lo ìpara yẹn?”

“Inú ẹ́ńjìnnì ni mo ti bá a, Màmá,” mo ní. Ó ti pẹ́ tí mo ti há ọ̀rọ̀ náà sórí. “Ẹ bi Ẹ̀gbọ́n, ta ló ba ọkọ̀ Bàbá jẹ́, tó wá nàka sí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án?”

Ẹnu ẹ̀gbọ́n mi là sílẹ̀. “Èmi kẹ̀? Ìwọ ni mo rí tó ń jáde nínú yàrá yẹn! Ìpara yẹn kì í tiẹ̀ ṣe tèmi. Ti Màmá ni mo máa ń jí lò.”

“Òótọ́ ló sọ,” Màmá ní. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. “Ìpara mi ni. Èmi ni mo fi sí i.”

Ó ní òun ń gbá yàrá lọ́jọ́ náà, òun tan ọkọ̀ wò, ó ń han goorogo, òun sì rò pé ọ̀rá kan ò yàtọ̀ sí èkejì. Nígbà tí Bàbá wá ń pariwo, ẹ̀rù ba òun.

“Mo ní ọ̀la ni mo máa sọ ọ́. Ọ̀la wá ń di ọ̀la. Ọmọdé ni ẹ́, mo rò pé wàá gbàgbé.”

Obìnrin yìí kan náà ló ń gbé ife kúrò níwájú mi!

“Má bínú, ọmọ mi,” ó ní. “Mo bẹ̀ ọ́.”

Gbogbo ojú wà lára mi. Mo mọ ohun tó yẹ kí ọmọ sọ nígbà tí ìyá rẹ̀ bá ń bẹ̀ ẹ́. Ó wà lẹ́nu mi, kò jáde. Ìbínú tí mo ti ń kó jọ de ẹlòmíì láti gbogbo ọdún yìí wá, ibo ni kí n gbé e sí?

“Ẹ má bẹ̀ mí, Màmá,” mo ní. “Bàbá ni kí ẹ lọ sọ fún.”

Ẹ̀gbọ́n mi lọgun mọ́ mi. Màmá gbé ọwọ́ sókè, ó ní kó dákẹ́.

“Mo máa sọ fún un,” ó ní. “Kò ní pẹ́ mọ́.”

Ọkọ̀ ṣì ń yí po. Ẹ́ńjìnnì ti gbóná jù, ó yẹ kí n pa á, mo ń fọwọ́ wá swíìṣì kiri, mi ò rí i. Ẹ̀gbọ́n mi ló nawọ́ kọjá lára mi, tó bá mi pa á.