Ẹ̀wù Ọlọ́rùn Méjì

Ẹ súnmọ́ mi kí n ròyìn àlá tó gbé mi kúrò lórí ẹní lóru àná. Nínú àlá náà, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Wúlẹ̀mọ́tù, gbé aṣọ wá fún àwọn ìbejì mi. Ẹ kúkú mọ̀ pé láti Iléyá tó kọjá, tó pè mí ní olóríkunkun lójú àwọn àna mi, mi ò tíì fẹnu kan oúnjẹ rẹ̀. Mo ṣáà kí i. Ó tú aṣọ náà: ẹ̀wù kan ṣoṣo ni, ó ní ọrùn méjì.

"Ìbejì kì í dá wọṣọ," ló wí.

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n tètè wọ̀ mí," ni ẹ̀wù náà wí, "òtútù ń mú mi."

Mo ní àwọn ọmọ mi ò ní wọ̀ ọ́. Inú bí ẹ̀wù, ó ní òun á fẹjọ́ mi sùn ní ọ́fíìsì. Kí n tó fèsì, ọ́fíìsì ti fò dé, ó dúró lókè òrùlé wa bí àwọsánmà, tòun ti tábìlì àti fáànù rẹ̀. Mo gbé Táyé sápá ọ̀tún, mo gbé Kẹ́hìndé sápá òsì, mo gun àkàsọ̀ lọ bá wọn.

Ọ̀gá ibẹ̀ tún awò ojú rẹ̀ ṣe. "Ọmọ kan nìyí. A máa sọ wọ́n di ẹyọ kan báyìí."

"Ọmọ méjì ni, sà."

"Ìwé mélòó lo kà?"

"Prámárì mẹ́rin. Ó tó láti fi ka ọmọ méjì."

Àwọn akọ̀wé bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá ní kí n fi ìyàtọ̀ wọn han òun, kì í ṣe ti ojú o. Bí mi ò bá lè ṣe é, ọmọ kan ni n ó gbé délé. Mo wolẹ̀, mo rí i pé ìka ẹsẹ̀ Kẹ́hìndé ti ń wọnú ti Táyé lọ. Mo yára fèsì:

"Táyé kì í sùn bí ilẹ̀kùn bá ṣí. Kẹ́hìndé kì í sùn bó bá wà ní títì. Bí ẹ bá bú Táyé, á ti gbàgbé kó tó jẹun tán. Bí ẹ bá bú Kẹ́hìndé, ẹ ti ní ọ̀tá nìyẹn. Ibi tó ti jọ mí nìyẹn."

"Kò tó. Àwọn fúnra wọn ńkọ́?"

"Mo fẹ́ sọ̀kalẹ̀," ni Táyé wí.

"Èmi ò fẹ́," ni Kẹ́hìndé wí. "Àga bàbá yìí ni mo fẹ́ jókòó sí."

Ẹsẹ̀ wọn pínyà lójú ẹsẹ̀. Ọ̀gá lanu láti jágbe mọ́ wa, "mẹ̀ẹ̀ẹ̀" ló jáde. Ó ti di òbúkọ, ó sì ti ń jẹ ẹ̀wù náà. "Ẹ rọra pẹ̀lú ọrùn òsì o," ni ẹ̀wù ń wí. Mo ní ó dàbọ̀ fún gbogbo wọn.

Mo jí. Ilẹ̀ ti mọ́. Ìyá wọn jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó mú ṣíbí oògùn ikọ́ lọ́wọ́. Táyé ti gbé tirẹ̀ mì, ó fajú ro. Kẹ́hìndé lanu sílẹ̀, ó ń retí tirẹ̀.

"Ta ló ń wúkọ́?" ni mo bi í.

"Táyé ni."

"Kí wá ni Kẹ́hìndé ń lanu sí?"

"Bàbá Ìbejì! Ṣé kí ọ̀kan máa mu, kí èkejì máa wò ó ni? Ẹ̀gbọ́n yín máa gbọ́ o."

"Kó gbọ́."

Mo gba ṣíbí náà, mo da oògùn padà sínú ìgò. Kẹ́hìndé pa ẹnu dé. Ó wò mí, ó wo Táyé, ó sì sáré jáde lọ gun igi gúáfà, òun nìkan.