Ẹni Tó Mú Adúmáadán Dán

Nígbà tí wọ́n sọ abo ẹṣin náà ní Adúmáadán, ó ń dán lóòótọ́. Nígbà tó fi máa pé ọmọ ọdún méjìlá, irun ara rẹ̀ ti ṣá, ó sì ń fi ìhà ha ògiri títí awọ fi ń bó. Ọ̀gá tó ni ilé ẹṣin wá fún Ẹ̀gbọ́n ní oṣù mẹ́ta. Ẹ̀gbọ́n ni gbogbo wọn ń pe àgbà nínú àwọn olùtọ́jú ẹṣin. Bí ara ẹṣin náà ò bá bọ̀ sípò, kó wá iṣẹ́ mìíràn lọ. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti ń kó ìgbẹ́ ẹṣin níbẹ̀. Iṣẹ́ mìíràn wo ló mọ̀?

Dókítà ẹranko ló sọ fún un nípa fláàsì, hóró wẹ́wẹ́ kan tó jọ yànmọ̀tí, tí òróró inú rẹ̀ máa ń tún awọ ẹṣin ṣe. Ó ní kì í ṣe oògùn ojú ẹsẹ̀ o. Ẹ̀gbọ́n ń lọ ìkúnwọ́ kan láràárọ̀, ó ń pò ó mọ́ oúnjẹ. Adúmáadán fẹ́ ẹ dànù lọ́jọ́ kìíní. Àfìgbà tí bàbá náà bu díẹ̀ sápò òsì, tó ń fi àtẹ́lẹwọ́ bọ́ ọ. Láti ọjọ́ náà, àpò yẹn ni ẹṣin máa ń kọ́kọ́ fimú wá.

Oṣù mẹ́ta pé, irun ò dán. Sùúrù ni baba ìwà, ṣùgbọ́n ọ̀gá yìí ò lè dúró de omi kó hó. Ó lé Ẹ̀gbọ́n, ó sì fi àbúrò Ẹ̀gbọ́n rọ́pò rẹ̀, ọmọ ìyá kan náà tí Ẹ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ mú wọ ibi iṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n kó fláàsì tó kù lé àbúrò lọ́wọ́, ó ní kó má ṣe dá a dúró.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ó padà lọ mú bàtà òjò rẹ̀ tó gbàgbé. Adúmáadán ló rí nínú oòrùn, ó ń dán bí ìkòkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi òróró pa. Ọ̀gá ń fi í han àlejò méjì, ó ń gbá àbúrò lẹ́yìn, ó ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré ni eléyìí fi ṣe ohun tí àgbàlagbà kan ò lè ṣe.

Ẹ̀gbọ́n wo àbúrò rẹ̀. Àbúrò ń wo ilẹ̀. Bí iṣu ẹni bá ta, à á fọwọ́ bò ó jẹ. Iṣu ẹlòmíràn lèyí ń fọwọ́ bò. Ó dun Ẹ̀gbọ́n ju lílé tí wọ́n lé e lọ, nítorí ẹnu tí òun ń fi ṣíbí bọ́ nígbà tí ìyá wọn kú ló dákẹ́ yẹn.

Adúmáadán rìn wá, ó ti imú bọ àpò òsì rẹ̀. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, ó ní ara ẹṣin náà ti yá débi pé kò sẹ́ni tí kì í bá ṣeré mọ́.

Nígbà tí ọ̀gá kó àlejò wọlé, àbúrò yọ́ wá.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Hóró yẹn tán lánàá. Níbo lẹ ti ń rà á?"

Bí Ẹ̀gbọ́n bá dákẹ́, kò ní pẹ́ tí irun náà yóò tún ṣá, ọ̀gá yóò sì mọ ọwọ́ tó ṣiṣẹ́. Ó rò ó dáadáa, ó sì dùn mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ẹṣin ṣì ń lá àpò òfìfo náà, irun tuntun sì ti bo ibi tó bó ní ìhà rẹ̀.

"Lọ́dọ̀ ìyá tó ń ta oúnjẹ adìyẹ, lẹ́yìn ilé ìfìwéránṣẹ́. Àràárọ̀ ni kó o máa lọ̀ ọ́. Èyí tó bá sùn mọ́jú, má fún un."

Àbúrò dúpẹ́ títí. Ó wá bẹ̀ ẹ́ pé ṣé ó lè bá òun lọ rà á, torí ọ̀gá ò fẹ́ kí òun kúrò nídìí ẹṣin mọ́.

Ẹ̀gbọ́n wo ẹṣin, kò wo ọmọ ìyá rẹ̀. Ó wọ bàtà òjò rẹ̀, ó sì lọ rà á.